Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà NAMA: Èló ni wákàtí kan ní ojú ọ̀run wa ń ná wa?

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àìsùn. Òkè-Ìlẹ́wọ́ ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé sí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí NAMA, àjọ ìjọba tó ń darí bàlúù lójú ọ̀run Nàìjíríà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni mo ń tà. Mi ò jókòó sídìí rédà rí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wa bàlúù. Owó ni mo mọ̀, torí pé ọ̀dọ̀ mi ni àwọn èèyàn ti ń san án, ọ̀dọ̀ mi náà sì ni wọ́n ti ń bínú. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ jẹ́ kí ará ìlú mọ iye tó ń ná yín láti fi darí bàlúù fún wákàtí kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ bí àwọn tó kù láyé ṣe ń ṣírò tiwọn, kí a lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bí mo bá ṣí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Àbújá lórí kọ̀ǹpútà, mo máa rí owó ìjókòó, mo máa rí owó orí èrò tó ń lọ sọ́dọ̀ FAAN, àjọ tó ń bójú tó àwọn pápá ọkọ̀ òfuurufú, mo sì máa rí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin ní kí wọ́n yọ lórí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì. Owó tí bàlúù ń san fún yín nítorí pé ẹ darí rẹ̀ kò ní ìlà tirẹ̀. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ń san án, wọ́n á sì pò ó mọ́ owó ìjókòó. Àwa tí à ń san án gan-an kì í fojú rí i. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi máa ń sọ nígbàkigbà tí ẹ bá fọwọ́ kan owó yìí, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ariwo náà tọ́.

Bí ti 2024 ṣe rí nìyẹn. Ẹ kéde pé owó ìdarí nítòsí pápá tí àwọn iléeṣẹ́ abẹ́lé ń san lórí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan máa kúrò ní 2,000 náírà, ó máa di 18,000. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e: ìdá 800 nínú ọgọ́rùn-ún! Èmi kò bá wọn pariwo. Mo pín 18,000 fún èrò 120, ó jẹ́ 150 náírà lórí ẹnì kan. 150 náírà kò ra búrẹ́dì ní Láfẹ́nwá. Iye tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ kò tó náírà 17 lórí ẹnì kan, láti 2008 ni ó sì ti dúró síbẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, dọ́là kúrò ní nǹkan bí 120 náírà, ó kọjá 1,500. Rédà kì í ṣe ohun tí a ń fi náírà rà. Àwọn rédà TRACON (iṣẹ́ rédà gbogbo Nàìjíríà) tí wọ́n parí ní 2010, láti ọ̀dọ̀ Thales ilẹ̀ Faransé la ti rà wọ́n. Ohun èlò àtúnṣe wọn kò sí ní Ìtòkú.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀. Ní gbogbo ọdún tí owó náà fi wà ní 2,000, mi ò rí ìwé kan tí ará ìlú lè kà tó sọ pé kò tó. Nígbà tó di 18,000, mi ò rí ìwé tó sọ pé ó tó, tàbí pé ó ti pọ̀ jù. Iye tí ẹ ń gbà la gbọ́. Iye tí ó ń ná yín, a kò gbọ́ ọ. Ẹ̀yin sì mọ̀ jù mí lọ pé ohun méjì tó jìnnà síra ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú Yúróòpù wá, torí ibẹ̀ ni ìṣirò náà ti hàn sí gbangba jù. Eurocontrol, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1960, ló ń bá àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ gba owó ojú ọ̀nà. Wọ́n á wo iye kìlómítà tí bàlúù fò lókè orílẹ̀-èdè kan, wọ́n á fi 100 pín in. Wọ́n á wo ìwúwo rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù, wọ́n á fi 50 pín in, wọ́n á wá gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a bá sọ di púpọ̀ ní ọ̀nà ara rẹ̀ tó máa fún wa ní èsì yẹn. Wọ́n á fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, wọ́n á wá fi iye owó tí orílẹ̀-èdè náà fi lélẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀. Ọ̀nà ìṣirò kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Iye owó tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ló ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí lẹ́yìn yín, ẹ gbé bàlúù tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 72, kí ó fò 400 kìlómítà, nǹkan bí Èkó sí Accra. 400 pín sí 100 jẹ́ 4. 72 pín sí 50 jẹ́ 1.44, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 1.2. 4 lọ́nà 1.2 jẹ́ 4.8. Ká ní iye owó orílẹ̀-èdè náà jẹ́ 50 yúrò (àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe), owó rẹ̀ di 240 yúrò. Bí èrò 120 bá wà nínú bàlúù náà, yúrò 2 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé owó ìdarí ló sọ tíkẹ́ẹ̀tì di ọ̀wọ́n, ó ń fi ojú wọn gbolẹ̀ ni. Epo ni, dọ́là ni, owó orí oríṣiríṣi ni.

Síbẹ̀, owó kékeré yìí lágbára tó láti yí ọ̀nà bàlúù padà. Switzerland àti Belgium máa ń wà lára àwọn tí iye owó wọn ga jù ní Yúróòpù, Ireland sì wà lára àwọn tó dínkù. Àwọn awakọ̀ kan máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà tààrà, wọ́n á jó epo sí i, kí wọ́n má bàa gba òkè ilẹ̀ tó wọ́n. Bí a bá fi ojú owó nìkan wò ó, a máa ní ọ̀lẹ ni àwọn ará Switzerland, àwọn ará Ireland ló mọṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú bàlúù tó ń gba òkè Ireland, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lọ tàbí ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n ti gòkè tán, wọ́n ń fò gbọọrọ, iṣẹ́ wọn kò le púpọ̀. Ní Switzerland, òkè Alps wà níbẹ̀, Zurich àti Geneva wà níbẹ̀, àwọn kan ń gòkè, àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, inú òfuurufú kékeré kan náà sì ni. Owó oṣù ibẹ̀ pẹ̀lú ga. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ń ná owó dáadáa gbọ́dọ̀ wo inú owó náà.

Wọ́n sì ń wò ó. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí ẹ̀ka tó ń yẹ iṣẹ́ wò ní Eurocontrol ti ń tẹ ìwé kan jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n ń fi gbogbo àwọn iléeṣẹ́ tó ń darí ojú ọ̀run wé ara wọn lórúkọlórúkọ. Wọ́n á kó gbogbo owó tí iléeṣẹ́ kan ná jọ, wọ́n á fi wákàtí tí ó fi darí bàlúù pín in. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú u palẹ̀: wákàtí bàlúù mélòó ni olùdarí kan ń bójú tó nínú wákàtí iṣẹ́ kan, èló ni wọ́n ń san fún un, èló ló ń lọ sórí àwọn nǹkan tó kù. Ibi tó dùn ún kà jù nìyí. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ, ilé, oníṣẹ́ ọ́fíìsì, èlé gbèsè, ibẹ̀ ló ń lọ. Tiwa ńkọ́, Ọ̀gá wa? Ó lè jẹ́ 50, ó lè jẹ́ 85. Ẹ̀yin lẹ lè sọ fún wa.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Wọn kì í fi ìwé owó ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ abẹ́lé wọn nítorí ìdarí ojú ọ̀nà. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé, wọ́n á fi owó díẹ̀ kún un lórí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọ tiwọn lórí epo, gbogbo rẹ̀ á wọ inú àpò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970. Bàlúù tó bá kàn fò kọjá láìbalẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ ìwé owó fún, jíjìn ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò, kò kan ìwúwo. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé Amẹ́ríkà kò gba owó ìdarí lọ́wọ́ àwọn ará ilé wọn, òótọ́ ló sọ, àmọ́ ó fi ibi tí èrò ti ń san án pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí FAA, àjọ ìjọba tó ń darí bàlúù ní Amẹ́ríkà, àti Eurocontrol jọ jókòó ṣe ìṣirò, tí wọ́n fi ìwọ̀n kan náà wọn ara wọn, wọ́n rí i pé wákàtí kan ti Amẹ́ríkà kéré lówó sí ti Yúróòpù. Iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń darí ojú ọ̀run gbogbo Amẹ́ríkà, ibùdó ìdarí ojú ọ̀nà 20 ló sì wà ní ilẹ̀ ńlá wọn. Yúróòpù ní iléeṣẹ́ 37 nínú ìṣirò yẹn, pẹ̀lú ibùdó tó lé ní 60.

Tiwa jẹ́ àdàlú méjèèjì. Ẹ ń kọ ìwé owó, ẹ sì ń pín nínú ìdá 5 orí tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú NCAA tó ń ṣọ́ òfin ìrìnàjò òfuurufú, NiMet tó ń wo ojú ọjọ́, àti àwọn tó kù. Mi ò ní ẹjọ́ kankan sí àdàlú, àmọ́ ìdá 5 yìí ń ṣe ohun kan tí mo máa ń rí lójoojúmọ́. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù kan ṣáájú àti ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, tó sáré wá rà á ní alẹ́ àná ní ìlọ́po méjì owó, inú bàlúù kan náà ni wọ́n jókòó sí. Olùdarí kan náà ló darí wọn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló san ìlọ́po méjì fún un.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wá sọ́dọ̀ mi. Accra ló ń lọ. Nígbà tó rí owó, ó sún àga mọ́ mi, ó ní kí n yí ojú kọ̀ǹpútà sí òun. Ó ń fi ìka tọ ìlà lẹ́yìn ìlà. "Ọmọ mi, Accra tí mo máa ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ náà nìyí? Tí a ò ní tíì jẹ bisikíìtì tán kí a tó dé?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ní Sẹ̀mẹ̀ wọ́n á gbowó, ní Hillacondji wọ́n á gbowó, ní Aflao wọ́n á gbowó. Ṣé bó ṣe rí lókè náà nìyẹn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ìwé ni wọ́n fi ń gbà á lókè." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó san owó rẹ̀, ó lọ. Mi ò tíì bọ́ nínú ìbéèrè yẹn títí di òní.

Torí ọ̀rọ̀ agbègbè wa lọ́hùn-ún ni. Bẹ́nẹ̀, tó bá ìpínlẹ̀ Ògùn pààlà ní Ìdírókò, wà nínú ASECNA, àjọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ní láti máa darí bàlúù lójú ọ̀run wọn. Ní Saint-Louis, Sẹ̀nẹ̀gàl, ni wọ́n ti dá ASECNA sílẹ̀ ní 1959; Dakar ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Òfuurufú tó ń bójú tó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 16 kìlómítà níbùú lóòró, ìwé owó kan náà ló sì ń lò fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Guinea, Liberia àti Sierra Leone pa tiwọn pọ̀, wọ́n ń pè é ní Roberts. Gánà di Accra mú. Àwa di Kánò àti Èkó mú. Ẹ wo bàlúù kan tó gbéra ní Abidjan tó ń bọ̀ wá sí Èkó, ẹ wo ọwọ́ mélòó ni ó máa gbà kọjá láàárín àsìkò kúkúrú.

Bí ẹnì kan bá ti dá owó tiransifọ́mà àdúgbò rí, ó ti mọ ìdí tí èyí fi ń náni lówó. Iye tiransifọ́mà kò yí padà: bí ilé 10 bá dá a, ọ̀wọ́n ni, bí ilé 100 bá dá a, kò nira. Rédà kò mọ̀ bóyá bàlúù 5 ló kọjá lónìí tàbí 500. Olùdarí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago 3 òru máa gba owó oṣù rẹ̀ bí ojú ọ̀run tilẹ̀ ṣófo. Ní 2020 tí kòrónà dé, bàlúù tó ń fò ní Yúróòpù dínkù ju ìlàjì lọ, owó tí wọ́n ń ná kò sì dínkù bẹ́ẹ̀. Owó orí wákàtí kan fò sókè láì sí ẹni tó ṣe àṣìṣe. Apá tiwa nílẹ̀ Áfíríkà, bí ọjọ́ kan lásán ṣe rí nìyẹn: òfuurufú gbòòrò, bàlúù kò pọ̀.

Àwọn kan máa ní kí a wọ ASECNA, kí ó parí. Èmi ò tíì gbà. Bàlúù tó ń rìn ní Nàìjíríà pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládùúgbò wa lọ, ó sì ṣeé ṣe kí a máa gbé ẹrù ẹlòmíràn tí a bá wọlé. Ó tún ṣeé ṣe kí a jàǹfààní. Láì sí nọ́ńbà, ariwo ẹnu ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn rẹ̀ lórí rédíò pẹ̀lú ìbínú ńlá, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì dárúkọ iye owó kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún kan àwọn ọmọ ilé wa. Nínú ìṣirò Yúróòpù, bí bàlúù tọ́ọ̀nù 50 bá san ìpín 1, bàlúù tọ́ọ̀nù 200 ń san ìpín 2, kì í ṣe 4. Bàlúù kékeré ATR 72 tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 23, tó sì gba nǹkan bí èrò 70, ń san ìpín 0.68. Ẹ pín in fún èrò, ẹ máa rí i pé èrò inú bàlúù kékeré san ju èrò inú bàlúù ńlá tó ń ti òkè òkun fò kọjá lórí wa. Irú bàlúù kékeré yẹn gan-an ló bá ọ̀nà kúkúrú wa mu. Bí ẹ bá tún owó tiyín tò lọ́jọ́ iwájú, mo rọ̀ yín kí ẹ rántí wọn, kí ẹ sì rántí pé Àbala 15 nínú àdéhùn Chicago ti 1944, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìrìnàjò òfuurufú, kò jẹ́ kí a gbé ìnira náà lé àlejò lórí: iye tí a bá ń gbà lọ́wọ́ bàlúù tiwa tó ń ṣe irú ìrìnàjò káríayé kan náà, a kò gbọdọ̀ gbà jù ú lọ lọ́wọ́ tiwọn, a kò sì gbọdọ̀ gba owó kìkì nítorí pé wọ́n gba ojú ọ̀run wa kọjá. Iṣẹ́ tí a ṣe fún wọn nìkan ni a lè gbowó lé lórí. Ìyẹn tún dá wa padà sí ìbéèrè kan náà: iṣẹ́ náà, èló ni?

Nítòsí wa níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Inú mi dùn sí i, ọjà ni fún èmi. Àmọ́ pápá kọ̀ọ̀kan tí ìpínlẹ̀ bá kọ́ fẹ́ ilé ìṣọ́, ó fẹ́ olùdarí, ó fẹ́ ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàlúù sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápá ló wà ní Nàìjíríà tó ń ti ilẹ̀kùn bí oòrùn bá wọ̀, tí bàlúù tó ń balẹ̀ síbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èrò Èkó àti Àbújá ló ń gbé wọn. Ó lè jẹ́ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìlú kan ni wá. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí a rí i ni mo ń wí, pápá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tó ń ná yín àti iye tó ń wọlé níbẹ̀. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ti mọ̀ pé nọ́ńbà náà máa jáde, wọ́n á rò ó kí wọ́n tó tún fa okùn sílẹ̀ fún pápá mìíràn.

Ẹ kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti inú òfìfo. ICAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìrìnàjò òfuurufú, ti kọ ìlànà rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9082: kí owó bá iye tí iṣẹ́ ná mu, kí àkọsílẹ̀ hàn sí àwọn tó ń san án, kí a bá wọn jókòó kí a tó yí i padà. Ìwé ìṣirò yín wà lọ́wọ́ yín. Wákàtí tí bàlúù lò lábẹ́ ìdarí Kánò àti Èkó wà nínú ẹ̀rọ yín. Ẹ fi ọ̀kan pín èkejì. Ẹ ya owó oṣù olùdarí sọ́tọ̀ kúrò lára tàwọn tó kù. Ẹ sọ iye tó wá láti inú ìdá 5, iye tí bàlúù òkèèrè san ní dọ́là, iye tí bàlúù abẹ́lé san ní náírà, àti gbèsè tí wọ́n jẹ yín tí ẹ kò tíì rí gbà, torí pé ẹni tó ń san déédéé ló ń gbé ẹni tí kò san. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí Accra àti Dakar pé kí wọ́n gbé tiwọn wá. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ tẹ tiyín jáde bẹ́ẹ̀.

Ti ọdún tó kọjá yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ kò bá dára, ẹ má fi mọ́ra. Mo ti ń ṣàlàyé owó tí mi ò mọ ìdí rẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi, mo sì lè ṣàlàyé èyí tí ìdí rẹ̀ burú pẹ̀lú.

Mo ń retí èsì yín, Ọ̀gá wa. Ẹ bá mi kí àwọn olùdarí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atatíkẹ́ẹ̀tì kan ní Òkè-Ìlẹ́wọ́, Abẹ́òkúta